Òwàḿbẹ̀: Kí Ni Ó Wà Níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ojú-ewé èdè, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo sì ń gbé. Ní ìpàdé ẹbí tí a ṣe láti múra ìrántí ọdún kẹwàá tí ìyá wa ti lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gbé àwòṣe káàdì ìpè wá, ó sì ti kọ "Òwàḿbẹ̀ Ìrántí Màmá" gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Inú bí bàbá wa àgbà gidigidi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọ ìta ni, pé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí obìnrin ni wọ́n fi ń pè kí ó tó di orúkọ àríyá, àti pé ọmọlúàbí kì í so irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ orúkọ òkú. Ẹlòmíràn nínú wa ní ọ̀rọ̀ Haúsá ni, bíi wàhálà. Ọmọ náà fèsì pé Ojúde Ọba pàápàá, òwàḿbẹ̀ Ìjẹ̀bú ni àwọn èèyàn ń pè é, ẹnikẹ́ni kò sì bínú. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí gan-an, níbo ni ó ti wá, ṣé àbùkù sì wà nínú rẹ̀?
Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a ṣe é ní àṣeyè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti Haúsá kúrò nílẹ̀. Òótọ́ ni pé wàhálà ti ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá wọ inú èdè wa, ṣùgbọ́n òwàḿbẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni wá. Yorùbá ni láti orí dé ẹsẹ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ kan ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, odidi gbólóhùn ni: "Ó wà ní ibẹ̀." Bí a bá ń sọ̀rọ̀ geere, "ní ibẹ̀" a di "níbẹ̀", "níbẹ̀" a sì tún sọ fáwẹ̀lì rẹ̀ nù, a di "ńbẹ̀", gẹ́gẹ́ bí "ní ilé" ti ń di "ńlé" nígbà tí a bá sọ pé bàbá wà ńlé. Nítorí pé b ni ó tẹ̀lé e, ètè á ti pàdé kí a tó pe ń náà parí, ohun tí etí yóò sì gbọ́ ni ḿ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé "ń bẹ" tí a ń lò nínú "Ọlọ́run ń bẹ" ni ó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ náà. Ohùn àárín ni ìyẹn ní, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohùn ìsàlẹ̀ ni tiwa yìí ní, ibì kan ni ó sì ń tọ́ka sí. "Wà" ti ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tán kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí odidi gbólóhùn di orúkọ kì í ṣe àrà ọ̀tọ̀ nínú èdè wa. Ẹni tí ó bá ń ṣe àṣehàn, a ń pe ìwà rẹ̀ ní ṣekárími, èyí tí í ṣe "ṣe kí á rí mi". Aáwọ̀ tí kò tán bọ̀rọ̀ ni à ń pè ní gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tilẹ̀ ní àpẹẹrẹ tí ó dára jù èyí lọ nínú orúkọ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà: Gbọ́baníyì ni kí á gbé ọba níyì, Bọ́bagúnwà ni kí á bá ọba gúnwà, Arọ́bayọ̀ sì ni ẹni tí ó rí ọba tí ó yọ̀. Ìlú tí ó lè fi gbólóhùn sọ odidi ẹgbẹ́ lórúkọ kò ní rí ohun ìyanu nínú kí a fi gbólóhùn sọ àríyá lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ya òwàḿbẹ̀ sọ́tọ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Nínú Gbọ́baníyì, a dárúkọ ọba. Nínú gbọ́nmi-si-omi-ò-to, a dárúkọ omi. Nínú òwàḿbẹ̀, a kò dárúkọ ohunkóhun. "Ó" nìkan ni a gbọ́, "ó" kì í sì í dá wá sí ẹnu ẹnikẹ́ni. Bí mo bá pàdé yín ní ìgboro, tí n kò tíì kí yín, tí mo kàn là ẹnu pé "Ó wà níbẹ̀," ẹ ó wò mí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó sì bi mí pé kí ni ó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ bi mí bóyá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fìlà wà ní ọ̀nà ọjà, ìdáhùn mi á yé yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdáhùn ni gbólóhùn yìí. Ẹnìkan ti ní láti béèrè ìbéèrè kí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́, èyí sì sọ púpọ̀ fún wa nípa ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Níbo ni Yorùbá ti ń fi ariwo ńlá béèrè, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi ẹnu kan dáhùn? Ojú agbo orin ni. Olórin a lé, elégbè a gbè. Bí agbo bá sì ti gbóná, gbogbo ìjókòó a di elégbè. Bẹ́ẹ̀ ni orin wa rí, ìbáà ṣe àpàlà, wákà, sákárà tàbí jùjú. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé láàárín olórin àti agbo ni a bí òwàḿbẹ̀ sí, àti pé ẹnu àwọn tí wọ́n ń dáhùn ni ó ti jáde. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ariwo ti wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìdáhùn agbo kì í ṣe ohun tí a ń sọ jẹ́jẹ́.

Ohun tí àwọn èèyàn kò fẹnu kò lé lórí ni ohun tí olórin béèrè. Ìtàn ìlẹ̀kẹ̀ tí bàbá yín sọ kì í ṣe irọ́. Òun ni ó wọ́pọ̀ jù lọ lẹ́nu àwọn àgbà. Wọ́n ní bí obìnrin bá bọ́ sí agbo, tí ijó sì ti ń dé ìdí, wọn a bi í bóyá ó wà níbẹ̀, ìyẹn ni ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìró. Òun yóò ju ìdí, bẹ̀bẹ̀ a dún wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀, agbo a sì hó pé ó wà ńbẹ̀. Mo gba ìtàn yìí gbọ́ ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé "ó" bá a mu: ohun tí a kò fẹ́ dárúkọ ní gbangba ni, dídún rẹ̀ nìkan ni ó sì fi hàn pé ó wà.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí bàbá ni ibi tí wọ́n ti sọ pé àbùkù wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Àwọn ìyá wa ni wọ́n ń so ó mọ́ ìdí ọmọbìnrin láti kékeré, ìbáà ṣe jìgídá tàbí lágídígba. Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ òbí sí ọmọ rẹ̀ ni òwe yẹn, kò sì sí àgbà tí kì í pa á níwájú àna. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá tó láti fi sọ bí a ti fẹ́ràn ọmọ wa tó, kò lè wá di èérí nítorí pé olórin béèrè rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní gbajúmọ̀ àti ọlọ́lá ni olórin ń béèrè, bóyá wọ́n ti dé. Ẹ lè sọ pé kò sí akọrin tí yóò fi "ó" pe ẹni tí ó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, pé "wọ́n" ni yóò lò. Àríwísí tí ó dára ni, ṣùgbọ́n kò ká ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé nínú oríkì àti orin, ọba aládé pàápàá, ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni a fi ń kì í. Ti ẹ̀kẹta ni pé owó ni: ó wà nínú àpò, ó sì fẹ́ jáde wá sí iwájú orí olórin. (Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tọrọ àyè lọ́wọ́ yín, nítorí ìrántí tí ń bọ̀: Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, abala 21, sọ fífọ́n náírà káàkiri níbi ijó di ẹ̀ṣẹ̀; ìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ní ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan ní Èkó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jẹ gbajúmọ̀ kan níyà lórí rẹ̀. Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi owó sínú àpò ìwé.)

Bí a bá gba ti ìlẹ̀kẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìtàn méjì yòókù kò ṣòfò. Wọ́n fi hàn wá bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe kúrò lágbo tí ó sì di ti gbogbo ìlú. Nítorí pé "ó" kò dárúkọ ohun kan, gbogbo ohun ni ó gbà. Ẹni tí ó fẹ́ràn orin gbọ́ pé orin wà níbẹ̀, ẹni tí ebi ń pa gbọ́ pé oúnjẹ wà níbẹ̀, ẹni tí ó rán aṣọ tuntun gbọ́ pé ojú tí yóò wò ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ó wá yá, ẹnikẹ́ni kò dúró béèrè mọ́. Ìdáhùn gbàgbé ìbéèrè rẹ̀, ó sì di orúkọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọdún 1970 ni ó bá ọ̀rọ̀ yìí lára mu jù lọ. Kí ó tó di ìgbà náà, a kò lè sọ pé Ìjẹ̀bú kò mọ àríyá. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilé Haruna Ishola, tí ó ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù àpàlà láti ọdún 1948, tí ó sì ṣeré títí ó fi papò dà ní 1983. Ìjẹ̀bú-Igbó kan náà ni ilé Batile Alake, tí ó mú wákà àwọn obìnrin Mùsùlùmí jáde láti inú ilé wá sí inú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ìjókòó ni àpàlà fẹ́. Agídígbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ni ó ń bá ohùn rìn; olórin jókòó, ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ń jáde, àgbà ń mi orí, ẹni tí kò bá dákẹ́ kò ní gbọ́ òwe tí wọ́n pa. Etí ni olórí níbẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, tí ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji darí sì mú kí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gòkè, tí wọ́n fi san àjẹsílẹ̀ owó oṣù náà lápapọ̀ ní 1975, ojú gba ipò etí. Gìtá oníná àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti wọ jùjú, léèsì tí wọ́n ń ṣe ní Lustenau ní orílẹ̀-èdè Austria ń wọ ọjà wa, ẹbí kan lè dí òpópó láti àárọ̀ Sátidé títí di òwúrọ̀ Àìkú. "Àríyá" nìkan kò gba gbogbo rẹ̀ mọ́. A fẹ́ ọ̀rọ̀ tí ariwo wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wà ńbẹ̀.

Ẹ ó rí i pé n kò tíì dáhùn bóyá káàdì náà tọ̀nà. Mo fẹ́ kí a gbé òwàḿbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀ ná. Ayẹyẹ ni ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sí ìwé. Àsè ń tọ́ka sí oúnjẹ. Ìnáwó, ẹnu ẹni tí ó ń gbé e ṣe ni ó ti dùn, nítorí òun ni ó mọ iye tí ó jáde lápò rẹ̀, a ń sọ pé "Mo ní ìnáwó lóṣù tí ń bọ̀, ẹ wá bá mi ṣe é." Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí ẹnu àwọn tí wọ́n ń sọ òwàḿbẹ̀. "Òwàḿbẹ̀ kan wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ní Sátidé." "Òwàḿbẹ̀ ni ó gbé e dé Ìkòròdú." Àlejò ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ni ilé kì í sábà sọ pé òun fẹ́ fi òwàḿbẹ̀ ṣe ìrántí ìyá òun, nítorí pé ojú ẹni tí ń bọ̀ láti òkèèrè ni ọ̀rọ̀ náà fi ń wo nǹkan: "ibẹ̀" ni ó ń pè é, kì í ṣe "ìhín". Èyí ni mo rò pé ó dun bàbá yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n kà sí ẹ̀sùn. Ọmọ náà kò sọ ọ̀rọ̀ rírùn. Ẹnu àlejò ni ó yá, ó fi pe àwọn àlejò sí ilé ara rẹ̀. Kí ó kọ "Ayẹyẹ Ìrántí" tàbí "Ìrántí Ọdún Kẹwàá" sí iwájú káàdì. Bí kánópì bá ti nà tán, tí kúlà ìkọ́kọrẹ́ àti ti ìrẹsì bá ti tò, tí àwọn àlejò bá sì pè é ní òwàḿbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń darí lọ sílé, ìyìn ni kí ẹ kà á sí.

Ti Ojúde Ọba, mo dúró ti bàbá gbágbágbá. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni ó máa ń bọ́ sí, orísun rẹ̀ sì ni wíwá tí àwọn Mùsùlùmí wá sí iwájú ààfin láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tí ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń tò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdílé àwọn Balógun ń gun ẹṣin wá júbà. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí di oṣù Keje ọdún 2025, ni ó jí ètò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dìde padà tí ó fi gbilẹ̀ tó bí a ti ń rí i lónìí. Ẹni tí ó wò ó nínú fóònù láti ọ̀nà jíjìn lè rí aṣọ, gèlè àti ẹṣin nìkan, kí ó sì pe gbogbo rẹ̀ ní òwàḿbẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé iwájú ọba ni wọ́n ń lọ kò lè pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń ṣe ní àgbàlá ẹgbẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí olórin fi ń ṣeré di ìdájí, ìyẹn ni òwàḿbẹ̀, n kò sì rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé "ówàńbẹ̀" ni kí n kọ ni tàbí "òwàḿbẹ̀"? Olùkọ́ wa gé máàkì mi.
Akẹ́kọ̀ọ́ girama, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bí ó bá jẹ́ gbólóhùn ni o ń kọ, yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: "Ó wà níbẹ̀." Bí ó bá ti di orúkọ, ọ̀rọ̀ kan ni, ohùn ìsàlẹ̀ ni kí o sì fi sórí fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá tí fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ní ohùn òkè lórí fáwẹ̀lì náà. Ka ilé, òkè, ọ̀nà, àwo àti ẹja, o kò ní rí ẹyọ kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ó tàbí á. Bí gbólóhùn bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó ní láti sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní ti ń àti ḿ, àwọn kan ń kọ òroǹbó, àwọn kan ń kọ òrom̀bó, bẹ́ẹ̀ náà ni ti òwàḿbẹ̀ rí. Mo fẹ́ràn ḿ nítorí òun ni ẹnu ń pè, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nítorí ń nìkan ni olùkọ́ rẹ ṣe gé máàkì, fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé pọ̀pọ̀ṣìnṣìn àti òwàḿbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà? Ní Ìpẹru níbí, àwa àgbà a máa lo ti àkọ́kọ́, àwọn ọmọ wa a sì máa lo ìkejì.
Ọ̀gbẹ́ni oníṣòwò, Ìpẹru Rẹ́mọ

ÌDÁHÙN: Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ̀gbọ́n, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà má ṣe jẹ́ kí pọ̀pọ̀ṣìnṣìn bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Òwàḿbẹ̀ ṣeé tú palẹ̀ bí a ti tú u lókè yìí. Pọ̀pọ̀ṣìnṣìn kì í ṣe gbólóhùn rárá. Ìró rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ìtumọ̀ rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ sì máa ń sọ pé nǹkan tóbi tàbí pé ó wúwo, nígbà tí ohùn òkè ń sọ pé ó kéré: ẹ fi rọ̀bọ̀tọ̀ wé róbótó, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Ó tún pe ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, "pọ̀pọ̀" lẹ́yìn náà "ṣìnṣìn", bí ìgbà tí ẹsẹ̀ púpọ̀ ń tẹ ilẹ̀ kan náà tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń dáhùn. Ìdùnnú aláriwo tí ó gba inú afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ́, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Nítorí náà ni pọ̀pọ̀ṣìnṣìn fi lè wà láàárọ̀ ọjọ́ ọdún nígbà tí àwọn ọmọdé ń wọ aṣọ tuntun, tí ẹnikẹ́ni kò tíì na kánópì, tí olórin kankan kò sì tíì dé. A lè sọ pé òwàḿbẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Òde Rẹ́mọ kún fún pọ̀pọ̀ṣìnṣìn. Ẹ yí i padà, kí ẹ ní pọ̀pọ̀ṣìnṣìn kún fún òwàḿbẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ọ fúnra yín pé kò ṣeé sọ.